Àtúnbọ̀tán Oògùn Wárápá àti Àwọn Ọ̀nà Ìtọ́jú Mìíràn: Ohun tí Ó Yẹ kí Olùkọ́ Mọ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tí ń lo oògùn wárápá mu gan-an ni. Oògùn ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn dá wárápá dúró, ṣùgbọ́n oògùn kan náà lè máa kun ẹni ní oorun, kí ó máa kọ́ ọ ní òòyì, tàbí kí ó sọ ọ́ di oníkanra láàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sú irú ẹni bẹ́ẹ̀, a da oògùn nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò ní í pẹ́ tí wárápá yóò fi tún gbé e ṣubú, nígbà mìíràn pẹ̀lú agbára tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tòògbé lórí ìjókòó láàárọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó bá ń kọ̀wé, tàbí tí ó ń bínú sí ọ̀rẹ́ láìnídìí, lè má jẹ́ ọ̀lẹ tàbí aláìgbọràn rárá. Ó lè jẹ́ pé oògùn tí ó lò kí ó tó kúrò nílé ni ó ń bá a jà. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àtúnbọ̀tán oògùn kì í ṣe ohun tí aláìsàn gbọ́dọ̀ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gbà mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdí láti da oògùn nù. Ohun tí ó yẹ kí a sọ fún dókítà ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó ní àtúnṣe.

Ohun tí Wárápá Jẹ́

Iná mànàmáná kékeré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí iná yìí bá ru sókè lójijì, tí sẹ́ẹ̀lì tí ó pọ̀ sì ń tàn án lẹ́ẹ̀kan náà, ìkọlù ni ó ń yọrí sí. Kì í ṣe gbogbo ìkọlù ni ènìyàn fi ń ṣubú, tí ara fi ń gbọ̀n, tí ẹnu fi ń yọ ìfófòó. Ẹlòmíràn a kàn tẹjú mọ́ ibi kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò ní í gbọ́ ohun tí a ń sọ. Apá kan ṣoṣo ni ó ń gbọ̀n lára ẹlòmíràn. Ní ọdún 2014, International League Against Epilepsy, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa wárápá lágbàáyé, fi ẹnu kò lórí ìtumọ̀ tí ó sọ pé bí ìkọlù bá ṣe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, láìsí ohun kan pàtó tí ó ṣokùnfà rẹ̀ ní àkókò náà, tí ìkíní sí ìkejì sì ju wákàtí 24 lọ, wárápá ni. Nítorí náà, gìrì tí ibà gbígbóná fà sí ọmọdé lára kì í ṣe wárápá fúnra rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó ní wárápá káàkiri ayé, àti pé nǹkan bí 80 nínú 100 wọn ni ó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1987 fi hàn pé ó lé díẹ̀ ní ènìyàn 5 nínú 1,000 tí ó ní wárápá níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ kò lè ṣàì ní ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn, yálà olùkọ́ mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ pé itọ́ tàbí ìfófòó ẹnu ẹni tí wárápá gbé lè kó àrùn náà ran ẹlòmíràn. Èyí kì í ṣe òótọ́. Wárápá kì í ràn. Ìgbàgbọ́ yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn fọwọ́ kan ẹni tí ó ṣubú, òun náà ni ó sì ń mú kí àwọn òbí fi àìsàn ọmọ pamọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́.

Bí Oògùn Wárápá Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá oògùn sí àìsàn yìí. Ní ọdún 1857 ni Charles Locock sọ̀rọ̀ nípa lílo bromide ní ìlú London. Ní ọdún 1912, Alfred Hauptmann ní ilẹ̀ Jámánì rí i pé phenobarbital, tí wọ́n ń lò láti mú ènìyàn sùn, ń dín ìkọlù kù. Merritt àti Putnam ní Amẹ́ríkà fi phenytoin hàn ní ọdún 1938. Ní àwọn ọdún 1960 ni carbamazepine àti sodium valproate bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí lamotrigine àti levetiracetam sì tẹ̀ lé wọn ní àwọn ọdún 1990.

Gbogbo oògùn wọ̀nyí kì í fa gbòǹgbò wárápá tu. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń kó iná ọpọlọ níjàánu kí ó má baà ru. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ kan náà tí oògùn ń mú rọ̀ ni ènìyàn fi ń jí, òun ni ó fi ń ronú, òun ni ó fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí oorun, òòyì àti ìgbàgbé bá jẹ́ àtúnbọ̀tán tí ó wọ́pọ̀ jù lọ.

Àwọn Àtúnbọ̀tán tí Ó Wọ́pọ̀

A lè pín àtúnbọ̀tán oògùn wárápá sí ọ̀nà mẹ́ta.

(a) Èyí tí ó wá láti ara ìwọ̀n oògùn: Oorun, òòyì, kí ojú máa rí ohun kan ní méjì, kí ẹsẹ̀ má dúró gírí, àti kí inú máa rìn. Wọ́n sábà máa ń yọjú nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí tí a fi kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ sílẹ̀ bí ara bá ti mọ oògùn náà lára, tàbí bí dókítà bá dín in kù.

(b) Èyí tí ó jẹ́ ti oògùn kọ̀ọ̀kan: Phenobarbital, tí ń mú àgbàlagbà sùn, lè sọ ọmọdé di ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tí ń kanra. Phenytoin lè mú kí èrìgì wú bo eyín, kí irun sì hù níbi tí kò yẹ. Sodium valproate lè mú ènìyàn sanra, kí irun orí rẹ̀ máa re, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa gbọ̀n. Levetiracetam lè fa ìbínú òdì àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Topiramate lè mú kí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fẹ́ sọ sọnù mọ́ ọn lẹ́nu.

(d) Èyí tí ó jẹ́ pàjáwìrì: Carbamazepine, phenytoin, phenobarbital àti lamotrigine lè mú kí nǹkan sú sí ẹlòmíràn lára. Bí ara bá sú, tí ẹnu sì ń di egbò, tí ojú ń pọ́n, tí awọ ń lé ròrò tàbí tí ó ń bó, ilé-ìwòsàn ni kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni kí a ṣe bí ẹni tí ń lo sodium valproate bá ń bì, tí oorun ìjìkà ń kùn ún, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni oògùn ń bà jẹ́. Ẹni tí èrò àti pa ara rẹ̀ bá ń sọ sí lọ́kàn gbọ́dọ̀ rí ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin gba àkíyèsí pàtàkì. Carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital lè sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára. Ewu sodium valproate nínú oyún tún le ju èyí lọ. Nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn lò ó nígbà oyún, nǹkan bí 11 ni a ń bí pẹ̀lú àbùkù ara, nǹkan bí 30 sí 40 ni ó sì ń ní ìṣòro nípa ìdàgbàsókè àti ẹ̀kọ́ kíkọ́. Obìnrin tí ó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó lóyún. Bí oyún bá ti dé kí ó tó mọ̀, kí ó tètè lọ rí dókítà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, nítorí pé ìkọlù lè pa òun àti ọmọ inú rẹ̀ lára.

Ewu tí Ó Wà nínú Dídá Oògùn Dúró Lójijì

Ẹni tí ó da oògùn nù nítorí oorun tàbí òòyì ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá ni ó ń pa. Ọpọlọ tí oògùn ti ń kó níjàánu fún ọ̀pọ̀ oṣù lè ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ìjánu bá já. Èyí lè fa ìkọlù tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé òmíràn kí iyè aláìsàn tó sọ. Ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ewu kí ẹni tí ó ní wárápá kú láìtọ́jọ́ lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ẹlòmíràn.

Ìdákejì ọ̀rọ̀ ni pé àjọ yìí kan náà sọ pé bí a bá ṣe àyẹ̀wò tí ó péye, tí a sì lo oògùn bí ó ti yẹ, nǹkan bí 70 nínú 100 àwọn tí ó ní wárápá ni ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù. Bí ọdún méjì bá sì ti kọjá láìsí ìkọlù kankan, dókítà lè gbé e yẹ̀ wò bóyá ó yẹ kí a máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti dídá oògùn nù kò kéré.

Bí A Ṣe Lè Kojú Àtúnbọ̀tán Oògùn

Ohun àkọ́kọ́ ni kí aláìsàn lè sọ ohun tí ń ṣe é. Èdè kó ipa ńlá níhìn-ín. Ẹni tí ó sọ pé "orí mi kò dá" lè ní òòyì lọ́kàn, ó lè jẹ́ ìgbàgbé, ó sì lè jẹ́ ìdààmú ọkàn. "Orí mi ń gbóná" lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ orí fífọ́ tàbí ìrònú. Bí ẹni tí ń ṣe ògbufọ̀ fún dókítà bá túmọ̀ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní oréfèé, dókítà lè fi kún oògùn tí ó yẹ kí ó dín kù. Ó sàn kí aláìsàn sọ ọ́ ní ṣókí, kí ó yéni: "Ilé ń yí po lójú mi," "Mò ń rí ènìyàn kan ní méjì," "Oorun ń kùn mí láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán," "Mi ò rántí ohun tí mo kà lánàá mọ́."

Ohun kejì ni àkọsílẹ̀. Ìwé pélébé kan tó. Kí a máa kọ ọjọ́ àti àkókò tí a lo oògùn, ọjọ́ tí ìkọlù dé àti iye ìṣẹ́jú tí ó gbà, àti ohun tí aláìsàn ń ní lára. Bí dókítà bá wo àkọsílẹ̀ oṣù kan, ó lè rí i pé wákàtí kan lẹ́yìn oògùn òwúrọ̀ ni òòyì máa ń dé. Ó lè wá gbé èyí tí ó pọ̀ nínú oògùn náà sí alẹ́, kí ó pín in sí ìgbà mẹ́ta, tàbí kí ó dín in kù.

Ohun kẹta ni ìfarabalẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwọ̀n kékeré ni dókítà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí a bá kánjú fi kún lamotrigine, pàápàá lára ẹni tí ó ń lo sodium valproate, ewu kí ara sú a máa pọ̀ sí i. Kò tún yẹ kí ẹni tí ó gbàgbé oògùn lánàá lo ìlọ́po méjì lónìí láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apoògùn.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí ó wà ní ìkáwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀. Àìsùn àti ọtí líle máa ń fa ìkọlù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìṣọ́ òru tàbí kí ó gbààwẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà ṣètò àkókò oògùn rẹ̀. Tramadol, tí àwọn ènìyàn ń lò bí ẹni jẹ obì fún ara ríro, lè ru ìkọlù sókè. Ẹni tí ń lo phenytoin gbọ́dọ̀ máa fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́ kí èrìgì rẹ̀ má baà tètè wú.

Àwọn Ọ̀nà Ìtọ́jú Mìíràn

Oògùn mìíràn ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí dókítà máa ń gbé yẹ̀ wò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Glasgow, tí ó jáde ní ọdún 2000, sọ nípa ènìyàn 470 tí kò tíì lo oògùn wárápá rí. Oògùn àkọ́kọ́ dá ìkọlù 222 nínú wọn dúró. Àwọn 67 mìíràn rí ìwòsàn pẹ̀lú oògùn kejì tàbí ìkẹta, àwọn 12 péré ni ó sì rí i nígbà tí wọ́n lo oògùn méjì pọ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, kí oògùn kan má bá ara ènìyàn mu kò túmọ̀ sí pé kò sí oògùn fún un. Èkejì, bí oògùn méjì tí ó yẹ, tí a sì lò dáadáa, kò bá ṣiṣẹ́, ó tó àkókò láti wo ọ̀nà mìíràn.

Iṣẹ́ abẹ wà fún àwọn tí ìkọlù wọn ń ti ojú kan pàtó nínú ọpọlọ bẹ̀rẹ̀. Ní Kánádà, wọ́n pín ènìyàn 80 sí ọ̀nà méjì, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2001. Lẹ́yìn ọdún kan, ìkọlù tí ń gba iyè lọ́wọ́ ènìyàn ti dáwọ́ dúró lára 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a yàn fún iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí ó ń bá oògùn nìkan lọ. Fún ẹni tí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kò bá tọ́ sí, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àyà, tí ń fi iná mànàmáná ránṣẹ́ sí iṣan vagus ní ọrùn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1997. Òun náà ní àtúnbọ̀tán tirẹ̀, bí ohùn híha àti ikọ́.

Oúnjẹ pẹ̀lú lè jẹ́ ìtọ́jú. Russell Wilder ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ni ó dá ètò oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní ketogenic ní ọdún 1921. Ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gàrí, iyán, àmàlà, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní London ní ọdún 2008, ìkọlù dín kù ju ìdajì lọ lára 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí wọ́n fi sí orí oúnjẹ yìí, bẹ́ẹ̀ 6 péré ni láàárín àwọn tí kò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè fa inú kíkún, èébì àti òkúta inú kíndìnrín. Nítorí náà, òbí kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe nílé láìsí dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ. Ó tún le púpọ̀ ní ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹ òkèlè nínú àwo kan náà.

Ní ọdún 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí cannabidiol, tí wọ́n yọ láti ara igbó, fún àwọn ẹ̀yà wárápá ọmọdé kan tí ó ṣọ̀wọ́n. Oògùn tí a wọ̀n, tí a sì yọ ohun tí ń pani bí ọtí kúrò nínú rẹ̀ ni. Kò jọ igbó mímu rárá. Òun pàápàá lè fa oorun àti ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè da ẹ̀dọ̀ láàmú.

Ní ti ìṣègùn ìbílẹ̀, kì í ṣe pé ewé àti egbò kò ní agbára. Agbára tí wọ́n ní gan-an ni ó yẹ kí ó mú ni ṣọ́ra. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni àgbo ìtọ̀ màlúù, tí wọ́n ń fi ewé tábà, efinrin, aáyù, àlùbọ́sà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ sè fún ọmọ tí gìrì mú. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Ṣúgà tí ó wálẹ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa fa gìrì, débi pé oògùn tí a fẹ́ fi wo àìsàn ni ó ń tún un dá sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n ń tì bọ iná kò sì mú ohunkóhun wá bí kò ṣe egbò. Ẹni tí ó bá ń lo àgbo kan gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí pé àgbo lè mú agbára oògùn òyìnbó le sí i tàbí kí ó pa á. Àdúrà pẹ̀lú kò ní kí ènìyàn má lo oògùn. Àwọn méjèèjì lè jọ rìn.

Ipa Olùkọ́

Olùkọ́ ni ó ń rí akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí òbí kì í sí níbẹ̀. Ó lè ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí oògùn ti yí padà ni ìkọ̀wé ọmọ kò ti dára mọ́, kí ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òbí. Ó lè gbé ẹ̀kọ́ tí ó le sí àkókò tí ojú ọmọ dá. Ó lè kọ̀ láti jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi èrìgì wíwú tàbí ọwọ́ gbígbọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ìkọlù bá dé ní kíláàsì, kí olùkọ́ wo aago, kí ó kó ohun tí ó lè ṣe ọmọ léṣe kúrò, kí ó fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò gbọ́dọ̀ fi síbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ dì í mọ́lẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ da omi sí i lẹ́nu. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e kí iyè ọmọ tó sọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé oògùn tí ń dá wárápá dúró lè ni ènìyàn lára, ó sì ti fi hàn pé ọ̀nà tí a lè gbà pọ̀: dídín oògùn kù, yíyí àkókò rẹ̀ padà, oògùn mìíràn, iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rọ tàbí oúnjẹ. Kò sí èyí tí kò ní àtúnbọ̀tán tirẹ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó yẹ kí aláìsàn dá nìkan bẹ̀rẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ẹni tí ó ní wárápá máa padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, kí ó máa sọ bí ara ti rí. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bí a ṣe ń fi èdè abínibí rẹ̀ sọ ohun tí ń ṣe é láìfi bò, ti fún un ní ohun tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.